Bí A Ṣe Ń Yan Nọ́ńbà Aláínmẹ́ǹtì fún Ọkọ̀ Tí A Rẹ̀ Sílẹ̀

Nígbà tí ènìyàn bá yọ sípíríǹgì tí ilé iṣẹ́ fi sínú ọkọ̀ rẹ̀, tó sì fi èyí tó kúrú jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ kí ọkọ̀ lè súnmọ́ ilẹ̀, ibi tó kàn láti lọ ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títo igun tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọjú sí. Ìwé tí wọn yóò fún un níbẹ̀ kún fún nọ́ńbà, àwọn kan wà ní àwọ̀ ewé, àwọn mìíràn pupa, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ èyí tó yẹ kó ká wọn lára nínú wọn. Àwọn kan gbà pé bí gbogbo rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ewé, iṣẹ́ ti parí. Àwọn mìíràn gbà pé ọkọ̀ tí a bá ti rẹ̀ sílẹ̀ kò lè ní aláínmẹ́ǹtì tó dára mọ́, pé kí ẹni tó ni ín gba kámú kó máa ra táyà. Èrò méjèèjì ló ń ba táyà jẹ́, èkejì tilẹ̀ léwu, nítorí pé táyà tó ti jẹ tán ní ẹ̀gbẹ́ inú, níbi tí ojú kì í tó, lè bẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí eré.

Mo yan Volkswagen Golf 4, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1997, láti fi ṣe àlàyé yìí. Ọkọ̀ náà wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà àti ní Benin, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba Kùtọnu wọlé gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀, ẹni tó sì kọ́kọ́ lò ó ní Yúróòpù ti lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹni tó rà á níbí tó mọ̀ rárá. Ìdí mìíràn ni pé ibi tí a lè fọwọ́ kàn láti yí igun ẹsẹ̀ rẹ̀ padà kò pọ̀, ìyẹn sì ń jẹ́ kí a rí i kedere pé yíyan nọ́ńbà kì í ṣe kí a kàn dárúkọ iye tó wù wá. Ohun tí irin ọkọ̀ gbà láàyè ni a ń yan láàárín rẹ̀.

Igun mẹ́ta ni ìwé aláínmẹ́ǹtì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní toe. Bí a bá lè dúró sókè ọkọ̀ kí a wò ó wá sílẹ̀, toe ni bí ẹsẹ̀ òsì àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe dojú kọ síra wọn. Iwájú wọn lè sún mọ́ra, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn tí àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì kọjú síra, èyí ni toe-in. Iwájú wọn lè yà sọ́tọ̀, èyí ni toe-out. Wọ́n sì lè dọ́gba gan-an, èyí ni òdo. Èkejì ni camber, tí a ń rí bí a bá dúró níwájú ọkọ̀: bí orí ẹsẹ̀ bá fì sínú, a ó fi àmì ìyọkúrò síwájú nọ́ńbà rẹ̀, bó bá sì fì síta, kò ní ní àmì náà. Ẹ̀kẹta ni caster, èyí tó jẹ́ bí òpó tí ẹsẹ̀ iwájú ń yí lé lórí ṣe fì sẹ́yìn nígbà tí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Òun ló ń jẹ́ kí sítíárìn padà síbi tó yẹ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yà ní kọ́nà. Ti Golf 4 jẹ́ dígírì 7 àti ìṣẹ́jú 40, kò sì sí ibi tí a ti ń yí i.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà wọ̀nyí, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Dígírì kan jẹ́ ìṣẹ́jú 60. Àwọn ẹ̀rọ kan ń kọ dígírì àti ìṣẹ́jú, àwọn mìíràn ń kọ dígírì pẹ̀lú ojú-àmì, àwọn méjèèjì kò sì jọra. −1°30' jẹ́ dígírì kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n −1.30° jẹ́ dígírì kan àti ìṣẹ́jú 18 péré. Bẹ́ẹ̀ náà ni 0°20' àti 0.20° kì í ṣe ohun kan náà, nítorí pé èkejì jẹ́ ìṣẹ́jú 12. Bí ó bá sì jẹ́ pé mìlímítà ni wọ́n fi kọ toe, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní etí rímù oní-ínṣì 15, mìlímítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 9. Bó bá jẹ́ ní ojú táyà 195/65 R15, mìlímítà kan náà kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún ààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn "fi mìlímítà méjì sí i" lọ́wọ́ ẹlòmíràn láì béèrè èyí lè gbé ohun tó ju ìlọ́po kan ààbọ̀ lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Àwọ̀ ewé àti pupa ńkọ́? Ẹ̀rọ aláínmẹ́ǹtì kò mọ̀ pé a ti rẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Irú ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ bá yàn nínú rẹ̀ ló ń fi nọ́ńbà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà wé: èyí tó bá bá a mu a di àwọ̀ ewé, èyí tí kò bá a mu a di pupa. Gíga ọkọ̀ tó jáde láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n sì ṣe nọ́ńbà náà fún. Volkswagen pàápàá kò lo nọ́ńbà kan ṣoṣo fún gbogbo Golf 4: wọ́n ní ti ọkọ̀ gbogbogbòò, ti èyí tó ní sípíríǹgì eré ìdárayá tó rẹlẹ̀ díẹ̀, àti ti èyí tí wọ́n gbé ga fún ojú ọ̀nà tí kò dára. Bí àwọn tó ṣe ọkọ̀ bá gbà pé bí gíga bá yí padà, nọ́ńbà yẹ kó yí padà, kò sí ìdí tí a ó fi máa fi dandan wá àwọ̀ ewé fún ọkọ̀ tó ti fi ìka mẹ́ta lọ sílẹ̀. Pupa tó wà lórí camber lè jẹ́ ohun tí a lè fọwọ́ sí. Kò yẹ kí a kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú pupa lórí toe.

Ìdí tí mo fi ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò kékeré kan. Ká sọ pé ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan fi ìṣẹ́jú 15 yà kúrò ní òòró, ohun tí ojú lásán kò lè rí. Ní gbogbo kìlómítà kan tí ọkọ̀ bá rìn, táyà náà ń gbìyànjú láti fi nǹkan bíi mítà mẹ́rin ààbọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kò rí ibi lọ, nítorí pé ẹnìkejì rẹ̀ ń tì í padà, nítorí náà ara rọ́bà ni ìfàkúfà náà ń jẹ. Bí a bá fi ọkọ̀ yìí rin 120 kìlómítà lórí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, a ti fa táyà kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ọ̀dà fún ohun tó lé ní ìdajì kìlómítà. Camber kò ṣe bẹ́ẹ̀. Táyà tó fi dígírì kan ààbọ̀ fì sínú ṣì ń yí lọ síwájú ní òòró; ó kàn gbé ẹrù tó pọ̀ díẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ náà yóò sì yára jẹ díẹ̀ ju ìta lọ. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ní camber −1°30' pẹ̀lú toe tó wà ní òdo yóò lo táyà pẹ́ ju ọkọ̀ tó ní camber òdo ṣùgbọ́n tí toe rẹ̀ yà lọ.

Àwọn tó ní Honda Civic tí wọ́n ṣe láàárín 1996 sí 2000 mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Apá méjì, lókè àti nísàlẹ̀, ló di ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà mú, ìyẹn sì ń mú kí camber rẹ̀ yára pọ̀ bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí táyà bá jẹ tán nínú, camber ni wọ́n á dá lẹ́bi, wọ́n á sì fi owó ńlá ra irin tó ń dá a padà, nígbà tó jẹ́ pé toe tó yí padà lọ́jọ́ tí wọ́n rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì tún tò, ló ń jẹ táyà náà. Ọwọ́ lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gba ojú táyà kọjá láti inú sí ìta, kí ẹ sì tún gbà á padà. Bó bá ń dán ní apá kan, tó sì ń ha ọwọ́ ní apá kejì, toe ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ inú nìkan ló jẹ, tó sì dán sí ọ̀nà méjèèjì, camber ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Toe-out àti camber tó fì sínú lè pa pọ̀, ìgbà yẹn sì ni ẹ̀gbẹ́ inú máa ń tán kíákíá jù lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí sísọ̀kalẹ̀ ń ṣe sí iwájú Golf. Ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ló di òkè ẹsẹ̀ mú, apá irin kan sì di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Ní gíga ilé iṣẹ́, orí apá yìí tó wà níta rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ìdí rẹ̀ tó wà nínú lọ. Bí a bá rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, ìdí náà yóò bá ara ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, apá yóò wá tẹ́jú, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ yóò sún síta díẹ̀, camber yóò sì lọ sí apá ìyọkúrò díẹ̀ sí i. Títí dé ibí yìí, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí apá náà yóò ga ju ìdí rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa fa ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ padà sínú nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ bá tún gòkè. Ìyẹn túmọ̀ sí pé nígbà tí a bá wọ kọ́nà, tí ara ọkọ̀ fì síta, ẹsẹ̀ ìta tó yẹ kó rí camber gbà ni yóò máa pàdánù rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: bí apá ìsàlẹ̀ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ gòkè, ojúkò tí ara ọkọ̀ ń fì yí ká máa ń sọ̀ kalẹ̀ ju bí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ, ara ọkọ̀ sì ń wá ọ̀nà láti fì sí i. Sípíríǹgì tó bá kúrú gbọ́dọ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó lè dí àlàfo yìí. Sípíríǹgì ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi irin gé ń le díẹ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tó, ó sì lè yẹ̀ kúrò nínú ìjókòó rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá rọ̀ sínú kòtò. Èmi kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gé e.

Ní tèmi, 30 sí 40 mìlímítà ni òpin tó yẹ kí a rẹ Golf 4 sílẹ̀ bó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà wa ni yóò máa rìn. Yàtọ̀ sí gálọ́ọ̀pù àti bọ́m̀pù tí yóò máa gbá a lábẹ́, táì rọ́ọ̀dù tó ń ti ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì náà máa ń fì bí apá ìsàlẹ̀ ti ń fì. Bó bá ti fì jù, toe yóò máa yí padà fúnra rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń fò sókè sódò, awakọ̀ yóò sì rí i pé sítíárìn ń já mọ́ òun lọ́wọ́ lójú ọ̀nà tí kò dán. Kò sí nọ́ńbà aláínmẹ́ǹtì tó lè wo èyí sàn, nítorí pé ìgbà tí ọkọ̀ dúró ni ẹ̀rọ ń wọ̀n ọ́n.

Ohun tí a lè yí ní iwájú Golf 4 kò ju méjì lọ. A lè fi táì rọ́ọ̀dù tún toe ṣe dé ibi tó wù wá. A sì lè tú férémù ìsàlẹ̀ tí apá méjèèjì so mọ́, kí a sún un sọ́tùn-ún tàbí sósì díẹ̀, ṣùgbọ́n camber tí a bá yọ lára ẹsẹ̀ kan, ara èkejì ni yóò lọ. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nìkan ni a lè fi ṣe. Golf 3 yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé bóòtù méjì ló so ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, a sì lè rí camber yí níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ fún Golf 4 ní camber iwájú tó jẹ́ −30', pẹ̀lú àyè ìṣẹ́jú 30 sókè àti sódò, àti àpapọ̀ toe (ti ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀) tó jẹ́ òdo pẹ̀lú àyè ìṣẹ́jú 10. Fún èyí tí a rẹ̀ sílẹ̀ dé ìwọ̀n tí mo sọ, n ó gba camber èyíkéyìí tó bá bọ́ sáàárín −0°45' sí −1°30', bí ìyàtọ̀ òsì àti ọ̀tún kò bá ti ju ìṣẹ́jú 30 lọ, nítorí pé ọkọ̀ máa ń fà sí apá tí camber rẹ̀ kò fì sínú tó èkejì. Toe ni n kò ní gbà kó yẹ̀: òdo ni mo fẹ́, mo sì fẹ́ kí àyè rẹ̀ kéré sí ti ilé iṣẹ́, bíi ìṣẹ́jú márùn-ún sí apá méjèèjì. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń wa Golf, nígbà tí a bá sì tẹ iná, agbára ẹ́ńjìnnì máa ń fa iwájú ẹsẹ̀ méjèèjì sínú, nítorí náà toe-in tó pọ̀ kò bá irú ọkọ̀ yìí mu. Àwọn kan ń fi toe-out díẹ̀ sí i kó lè yára yà ní kọ́nà. Fún ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn, n kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ọkọ̀ náà kò ní dúró jẹ́ẹ́ lórí eré. Ẹni tó bá fẹ́ camber tó ju −1°30' lọ nítorí pé ó fẹ́ràn kọ́nà ní láti ra ìjókòó ṣọ́ọ̀kì tó ṣeé sún lókè, kó má sì kọjá −2° bó bá jẹ́ ojú títì ni yóò máa lò ó.

Ti ẹ̀yìn rọrùn láti ṣàlàyé. Irin kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì Golf 4 pọ̀, kò sí bóòtù tí a fi ń yí camber tàbí toe níbẹ̀, sísọ̀kalẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí wọn padà. Camber rẹ̀ yẹ kó súnmọ́ dígírì kan ààbọ̀ sí apá ìyọkúrò, kí àpapọ̀ toe-in rẹ̀ sì wà ní bíi ìṣẹ́jú 20. Bí ìwé bá fi ohun mìíràn tó jìnnà sí èyí hàn, ẹ má ṣe gbà bí wọ́n bá sọ pé sípíríǹgì kúkúrú ló fà á. Ó ṣeé ṣe kí kòtò tàbí ìjàm̀bá ti tẹ irin náà tàbí ìdí ẹsẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí a ki irin pẹlẹbẹ sáàárín wọn láti tún un ṣe. Àwọn kan ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yìn kò ti ṣeé yí, kò sí ìdí láti wọ̀n ọ́n. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá kọjú sí ni ọkọ̀ ń lọ, bí wọ́n bá sì to iwájú láì mọ ibi tí ẹ̀yìn kọjú sí, sítíárìn yóò wọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ ní òòró.

BMW tí wọ́n ń pè ní E46 ló fi òdìkejì èyí hàn. Camber ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń pọ̀ gan-an bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó sì ń jẹ táyà ẹ̀yìn nínú, ṣùgbọ́n camber àti toe ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣeé yí. Camber ni kí wọ́n kọ́kọ́ tò, nítorí pé bí wọ́n bá yí i, toe yóò tẹ̀ lé e. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ ẹ̀yìn ló ń wa ọkọ̀ náà, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ń fẹ́ ṣí síta bó bá ń lọ, nítorí náà toe-in díẹ̀ bá a mu níwájú.

Caster kì í sábà jẹ́ ìṣòro àyàfi bí a bá rẹ iwájú sílẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Àárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Golf 4 jẹ́ bíi mítà 2.5, nítorí náà bí iwájú bá fi 25 mìlímítà sọ̀ kalẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, caster yóò dín ní ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì dígírì. Kò tó ohun tí a ń bẹ̀rù. Bí caster òsì bá yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ọ̀tún, ẹ wá bọ́ṣì (rọ́bà tó wà ní ìdí apá irin) tó ti já tàbí irin tó ti tẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ yóò máa fà sí apá tí caster rẹ̀ kéré.

Kí ọkọ̀ tó gun orí ẹ̀rọ, iṣẹ́ kan wà tí àwọn mẹkáníìkì púpọ̀ ń fò. Bóòtù tó di bọ́ṣì apá ìsàlẹ̀ mú kò gbọ́dọ̀ di líle nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń fì lórí jáàkì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gúnlẹ̀, kí ẹrù rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó dì í. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà bọ́ṣì yóò wà ní lílọ́, yóò gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya. Lẹ́yìn náà, ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí sípíríǹgì lè jókòó. Ẹ wọn gíga rẹ̀ láti àárín rímù dé etí ara ọkọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí òsì bá fi ju sẹ̀ńtímítà kan lọ yàtọ̀ sí ọ̀tún, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Kí fọkanáísà fún gbogbo táyà ní afẹ́fẹ́ tó yẹ, kí wọ́n mi táì rọ́ọ̀dù àti bọ́ọ̀lù jọ́ọ̀ǹtì (oríkèé tó so ẹsẹ̀ mọ́ apá ìsàlẹ̀) wò, nítorí pé toe tí a bá tò sórí irin tó ń mì kò ní pẹ́ yẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà nínú ọkọ̀, ẹ lè ní kí ẹnìkan jókòó sí ibi ìjókòó awakọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí wọ́n bá sì parí, ẹ gba ìwé méjèèjì, ti kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án àti ti ìgbà tí wọ́n parí. Ẹ wa ọkọ̀ lórí ọ̀nà tó tẹ́jú kí ẹ tó sọ pé ó ń fà, nítorí pé apá ọ̀tún la ń gbà lọ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ títì ló sì fì sí ọ̀tún kí omi òjò lè ṣàn kúrò, ọkọ̀ tí aláínmẹ́ǹtì rẹ̀ péye pàápàá yóò fẹ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn 1,000 kìlómítà, ẹ yí sítíárìn dé òpin, kí ẹ tẹ̀ ba láti wo ẹ̀gbẹ́ inú táyà iwájú, kí ẹ sì fi ọwọ́ gbà á kọjá bí mo ṣe sọ lókè. Bí sípíríǹgì bá tún ti sọ̀ kalẹ̀ sí i láàárín ìgbà náà, tàbí tí ojú táyà ti ń ha ọwọ́, toe ni kí wọ́n tún wọ̀n.